Ọjà Ìwé Orí Ẹ̀rọ: Ǹjẹ́ Ó Ti Kún Jù fún Òǹkọ̀wé?

Ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan tọ̀ wá wá lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ìdì ìwé méjì lábẹ́ apá rẹ̀. Èkínní nípọn, ó tó ojú ewé 300. Ìtàn ìfẹ́ ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ìlú New York tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ rí ni gbogbo rẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀. Èkejì kò ju ojú ewé 10 lọ. Yorùbá ni èyí, ó sì sọ nípa ìyá rẹ̀ àgbà tí ó jẹ́ aláró ní Abẹ́òkúta, ẹni tí ń fi imú mọ ìkòkò aró tí ó ti tó rẹ aṣọ yàtọ̀ sí èyí tí kò tí ì tó. Èyí tí ó nípọn ni ó fẹ́ tẹ̀ jáde fúnra rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, kí ará Amẹ́ríkà àti ará Íńdíà lè rà á láti inú ilé wọn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti wí fún un pé ọjà náà ti kún, pé àwọn òǹkọ̀wé ti ya bò ó bí eéṣú, àti pé ẹni tí ó bá ń wọ̀ ọ́ nísinsìnyí dà bí obìnrin tí ó gbé igbá rẹ̀ dé ọjà nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni ó wí, “ṣé òtítọ́ ni pé mo ti pẹ́ jù?”

Kì í ṣe ìbéèrè ẹni tí ń ṣeré. Owó tí ó ti fi pamọ́ láti oṣù 8 wá ni ó fẹ́ san fún ẹni tí yóò ya àwòrán èèpo ìwé náà àti ẹni tí yóò polówó rẹ̀. A gba ìdì méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, a sì bẹ̀ ẹ́ kí ó fún wa ní àkókò. Ohun tí a rò nínú àkókò náà ni a kọ síhìn-ín, nítorí a mọ̀ pé nínú àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò ka ojú ewé wọ̀nyí, kò ní ṣàì sí àwọn tí irú ìdì bẹ́ẹ̀ wà nínú àpótí wọn.

Ìkùnsínú nípa ọ̀pọ̀ ìwé kì í ṣe ohun tuntun. Oníwàásù ti mẹ́nu kàn án kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ṣùgbọ́n ọjà tí a ń sọ yìí ní ọjọ́ ìbí tí a lè tọ́ka sí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2007 ni ilé-iṣẹ́ Amazon ti Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan jáde tí a ń pè ní Kindle, èyí tí a fi ń ka ìwé láìsí bébà. Dọ́là 399 ni wọ́n ń tà á, síbẹ̀ àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ pèsè sílẹ̀ tán kí wákàtí 6 tó pé. Ní àkókò kan náà ni wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn mìíràn tí ariwo rẹ̀ kò pọ̀ tó ti ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n tí ó wá lágbára jù ú lọ: ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọ ìwé lè gbé e sórí àtẹ wọn fúnra rẹ̀, láì bẹ òǹtẹ̀wé kankan, láì sì san kọ́bọ̀. Ní ọdún 2010 wọ́n fi iyọ̀ sí i. Wọ́n ní àwọn yóò fún òǹkọ̀wé ní ìdá 70 nínú 100 owó ìwé rẹ̀, bí ó bá tà á ní iye tí kò dín ní dọ́là 2 àti sẹ́ǹtì 99, tí kò sì ju dọ́là 9 àti sẹ́ǹtì 99 lọ. Ẹni tí ó bá ń tà á ní sẹ́ǹtì 99 péré, ìdá 35 ni tirẹ̀. Òǹkọ̀wé tí ó ti mọ́ lára láti máa gba nǹkan bí ìdá 10 lọ́wọ́ ilé ìtẹ̀wé, bí wọ́n bá tilẹ̀ gba ìwé rẹ̀, gbọ́ èyí bí ẹni tí ó gbọ́ agogo ìdásílẹ̀.

Ní ọdún náà gan-an ni ìtàn Amanda Hocking bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin yìí, ará ìlú Austin ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ń ṣiṣẹ́ ní ilé tí a ti ń tọ́jú àwọn abirùn. Ó ti kọ ìwé púpọ̀, ó ti fi wọ́n ránṣẹ́ káàkiri, àwọn ilé ìtẹ̀wé sì ti kọ̀ wọ́n. Ní oṣù kẹrin ọdún 2010 ó ń wá dọ́là 300 tí yóò fi rìnrìn àjò lọ wo ìfihàn kan ní Chicago, ó sì rò pé bí òun bá gbé ìwé òun sórí àtẹ Amazon, ó lè mú díẹ̀ wá nínú owó náà. Kí ọdún kan tó yí po, ó ti ta ju 1,000,000 ẹ̀dà lọ, àti ní oṣù kẹta ọdún 2011 ilé ìtẹ̀wé St. Martin’s Press gbà láti san ju 2,000,000 dọ́là fún un lórí ìwé 4. Ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í jókòó sí ibi kan. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé aládùúgbò òun hú ìkòkò wúrà nínú oko, yóò gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká kí àkùkọ tó kọ.

Wọ́n sì gbé ọkọ́ lóòótọ́. Bowker, ilé-iṣẹ́ tí ń fún ìwé ní nọ́ńbà ní Amẹ́ríkà, ka ju 1,000,000 nọ́ńbà tí ó jẹ́ ti ìwé tí òǹkọ̀wé tẹ̀ jáde fúnra wọn ní ọdún 2017. Ní ọdún 2018 iye náà ju 1,600,000 lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Kindle kò fi dandan lé nọ́ńbà yìí, nítorí náà ọ̀pọ̀ ìwé ni kò sí nínú ìṣirò náà rárá. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀mí ènìyàn kan díwọ̀n rẹ̀. Bí ọmọ kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé kan lójúmọ́ ní ọjọ́ tí a bí i, tí kò sì sinmi títí ó fi di ẹni ọdún 80, ìwé tí yóò kà kò ní pé 30,000.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè fẹ́ kí a dá ìgbà àtijọ́ padà, nígbà tí ìlẹ̀kùn wà ní títì, tí adènà sì wà níbẹ̀. Àwa kò bá a fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwa ọmọ Ìjọ mọ ìtàn Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́. Ní ọdún 1897 ni ó parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá. A fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní ọdún 1901 láì fi ojú kàn án. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ, ó sì tún un kọ. Nígbà tí a fi èyí pàápàá ránṣẹ́ ní ọdún 1916, ọkọ̀ Appam tí ó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì lójú òkun, a sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Obadiah náà kú ní ọdún 1920. Ọdún 1921 ni ìwé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ọdún 24 lẹ́yìn tí ẹni tí ó kọ ọ́ ti gbé kálàmù sílẹ̀. Ohun tí ó gba ọdún 24 lọ́wọ́ àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí, olùkọ́ tí ó wá bá wa lè ṣe é lálẹ́ ọjọ́ kan lórí fóònù rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a tún ti ìlẹ̀kùn yẹn padà, kí ó kọ́kọ́ lọ dúró létí ibojì Johnson, kí ó sì sọ ọ́ níbẹ̀.

Nígbà náà, kí ni ó há? Àwọn àgbà wí pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà níhìn-ín pẹ̀lú: àtẹ orí ẹ̀rọ kò ní pákó tí yóò ṣẹ́, ìwé 1,000,000 kò sì wúwo lórí rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kò lè máa fò títí láé; ó gbọ́dọ̀ bà lé ibì kan. Ẹ̀ka tí ìwé ń bà lé ni wákàtí òǹkàwé, èyí kò sì pọ̀ sí i láti ìgbà Ádámù.

Mark Coker, ẹni tí ó dá ilé ìtajà ìwé Smashwords sílẹ̀ ní ọdún 2008, rí èyí ṣáájú ọ̀pọ̀. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ àwọn tí ń tẹ ìwé ara wọn jáde, nítorí náà ìkìlọ̀ rẹ̀ ní ọdún 2014 kì í ṣe ti ọ̀tá. Ó wí fún wọn pé nǹkan yóò nira sí i láti ìgbà náà lọ, nítorí pé ìwé orí ẹ̀rọ kì í kú. Ìwé bébà a máa gbó, a máa tán. Òǹtàwé a sì máa kó o kúrò lórí àtẹ kí òmíràn lè rí àyè. Ìwé orí ẹ̀rọ kò mọ irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Èyí tí a gbé síbẹ̀ ní ọdún 2010 ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a gbé síbẹ̀ ní àná, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé gbogbo àwọn tí ó ti ná ọjà kan láti ayé baba wa ni ó ṣì jókòó sí ìsọ̀ wọn, tí ẹnì kankan kò relé.

Ní oṣù keje ọdún 2014 Amazon tún dá ètò kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Kindle Unlimited, nínú èyí tí òǹkàwé ń san owó kan lóṣù, tí ó sì ń ka iye ìwé tí ó bá wù ú. Láti oṣù keje ọdún 2015 ni wọ́n ti ń fi iye ojú ewé tí a kà san owó fún òǹkọ̀wé, owó ojú ewé kan kò sì ju nǹkan bí ìdajì sẹ́ǹtì lọ. Ìwé ojú ewé 300 tí ẹnì kan bá kà tán pátápátá kò lè mú ju nǹkan bí dọ́là kan àti ààbọ̀ wá. Ẹni tí ó bá sì fi ìwé rẹ̀ sínú ètò náà, kò gbọdọ̀ tà á lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn fún ọjọ́ 90. A kò sọ pé ìrẹ́jẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú òǹkọ̀wé tí òfin bẹ́ẹ̀ ń tọ́ dàgbà: ẹni tí ó bá lè kọ púpọ̀, kí ó sì yára kọ ọ́, ni owó rẹ̀ ń pé. Ẹni tí ó bá fi ọdún mẹ́ta wá ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ, kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sí nínú ìṣirò wọn.

Síbẹ̀ kì í ṣe èyí ni ó bà wá lẹ́rù jù. Nígbà tí ìwé pọ̀ tí àkókò kò sì pọ̀, òǹkàwé a máa wo ẹnu àwọn tí ó ti kà á ṣáájú rẹ̀. Àdúgbò tí kò bá sí olótùú, tí kò sì sí òǹtẹ̀wé, ẹ̀rí òǹkàwé nìkan ni adènà tí ó kù níbẹ̀. Ní ọdún 2011, John Locke (kì í ṣe amòye tí a kọ́ nípa rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì; oníṣòwò ará Kentucky ni èyí) di ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn tí ń tẹ ìwé ara wọn jáde tí ó ta 1,000,000 ìwé Kindle. Ó tilẹ̀ kọ ìwé tí ó fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí òun ti ṣe é. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012 ìwé ìròyìn New York Times fi hàn pé ó ti ra ọ̀rọ̀ ìyìn 300 lọ́wọ́ ẹnì kan tí ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀, kò sì mẹ́nu kan èyí nínú ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ lè dùn. Àwa kò sọ pé kò dùn. Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé láti ìgbà náà, òtítọ́ ọ̀rọ̀ òǹkàwé tí ó kà á tán, tí ó sì fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́, kò níye lórí ju ti ẹni tí a fún ní owó lọ, nítorí pé ojú kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ìpalára yìí kò sì mọ sórí rẹ̀ nìkan. Ó dé orí ẹni tí ìwé rẹ̀ jẹ́ àkọ́kọ́, tí kò sì ní nǹkan mìíràn láti gbẹ́kẹ̀ lé ju ẹnu àwọn ẹni mẹ́fà tí ó kà á.

Lórí èyí ni ẹ̀rọ tí ń kọ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ wá dé. Ní oṣù kejì ọdún 2023 ìwé ìròyìn ìtàn kan ní Amẹ́ríkà, Clarkesworld, dá gbígba ìtàn dúró fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé èyí tí ẹ̀rọ kọ ti ya bò wọ́n. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà Amazon ṣe òfin pé ẹnì kan kò gbọdọ̀ gbé ju ìwé tuntun 3 lọ sórí àtẹ wọn ní ọjọ́ kan. Kí òǹkàwé wa jọ̀wọ́ tún gbólóhùn náà kà. Mẹ́ta lójúmọ́, àní gẹ́gẹ́ bí ìhámọ́! Ẹni tí a ní láti ṣe òfin bẹ́ẹ̀ fún, a kò mọ ìgbà tí ó ń jẹun.

Bí ó ti wù kí ó rí, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ta ko gbogbo ẹkún yìí, kò sì tọ́ kí a fi í pamọ́. Ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ní Amẹ́ríkà, Authors Guild, gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2023. Nínú rẹ̀, àwọn tí ń tẹ ìwé ara wọn jáde, tí wọ́n fi í ṣe iṣẹ́ òòjọ́, tí wọ́n sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún 2018 ó kéré tán, ti rí ìwọ̀n owó tí ń wọlé fún wọn lọ́dún tí ó gòkè láti dọ́là 13,700 dé dọ́là 24,000. Èyí sì jẹ́ ní ọdún wọnnì gan-an tí ọjà ń kún sí i. Báwo ni ó ti ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ohun tí a rò ni pé àwọn wọ̀nyí kì í dúró lójú ọjà láti máa kígbe. Wọ́n ní oníbàárà tí ó mọ ilé wọn.

Andy Weir ni àpẹẹrẹ tí a fẹ́ràn jù. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ọkùnrin yìí ń ṣe. Ó fi ìtàn rẹ̀ The Martian sí ojú òpó tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, orí kan tẹ̀ lé òmíràn, àwọn tí ó mọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nínú àwọn òǹkàwé rẹ̀ a sì máa kọ̀wé sí i láti tọ́ àṣìṣe rẹ̀ sọ́nà. Àwọn náà ni ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi í sí Kindle. Ó fi í síbẹ̀ ní ọdún 2011 ní sẹ́ǹtì 99, nítorí pé èyí ni iye tí ó kéré jù tí a gbà á láyè láti tà á. Ilé ìtẹ̀wé Crown tún un tẹ̀ ní ọdún 2014. Ní ọdún 2015 a ti fi ṣe sinimá. Àwọn ènìyàn a máa sọ ìparí ìtàn yìí nítorí owó tí ó wà níbẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ó wù wá: kí ó tó wọ ọjà rárá, ó ti ní àwọn tí ń bá a wí, tí wọ́n sì ń dúró de orí tí ó kàn.

Àwọn baba wa ti ṣe irú iṣẹ́ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà òjé ni wọ́n lò. D. A. Ọbasá ti Ìbàdàn kò dúró de òǹtẹ̀wé kankan láti Lọ́ńdọ̀nù. Ní ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀, Ìlárẹ́ Press, ni ó ti tẹ ìwé ìròyìn rẹ̀, Yoruba News, láti ọdún 1924, níbẹ̀ náà ni ó sì ti tẹ ìwé ewì rẹ̀ mẹ́ta jáde, ní ọdún 1927, 1934 àti 1945. Ní Èkó, láàárín ọdún 1920 sí 1930, Èkó Àkéte, Elétí Ọfẹ, Akéde Èkó àti àwọn mìíràn ń jà du òǹkàwé kan náà, nínú ìlú tí àwọn tí ó lè ka Yorùbá, tí wọ́n sì ní owó láti ra ìwé ìròyìn, kò pọ̀. A fẹ́rẹ̀ẹ́ lè wí pé ọjà náà há ju ti Amazon lọ. Ní oṣù keje ọdún 1929 ni I. B. Thomas, olótùú Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà Sẹ̀gilọlá jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé obìnrin kan tí ó ń kú lọ ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wọ́n. Èkó gbóná. Àwọn òǹkàwé kọ̀wé sí olótùú nípa rẹ̀, àwọn mìíràn sì gbà pé obìnrin náà wà láàyè ní àdúgbò kan nítòsí wọn. Ní ọdún 1930 ó tẹ gbogbo rẹ̀ jáde ní ìwé kan. A kì í gbàgbé pé àwọn tí yóò ra ìwé náà ti kà á tán nínú ìwé ìròyìn. Síbẹ̀ ó tẹ̀ ẹ́.

Láti ibẹ̀ kí a wá sí ti òde òní ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 2013 ni Okechukwu Ofili dá OkadaBooks sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kí àwọn òǹkọ̀wé wa lè máa ta ìwé wọn lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ ni ó rí orúkọ wọn lójú ìwé níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2023 ó ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Níhìn-ín, àtẹ fúnra rẹ̀ ni ó wó, òǹkọ̀wé tí kò sì mọ ẹnì kan nínú àwọn tí ń rà á àyàfi gẹ́gẹ́ bí iye, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó pàdánù gbogbo wọn.

Ǹjẹ́ a ó wá wí fún ọ̀dọ́mọkùnrin yìí pé kí ó sá kúrò ní ọjà Gẹ̀ẹ́sì tí ó há, kí ó wá sí ti Yorùbá tí àyè gbà? Ìbá rọrùn láti sọ bẹ́ẹ̀, ìbá sì dùn létí àwọn tí ń ka ìwé ọdọọdún yìí. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ. Ọjà tí àyè gbà lè jẹ́ ọjà tí òǹrajà kì í dé. Nígbà tí a bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ìwé Yorùbá tí wọ́n ti kà láìjẹ́ èyí tí a yàn fún ìdánwò, wọ́n a wo ojú ara wọn. Àwa olùkọ́ ńkọ́? Olùkọ́ kan a ra ẹ̀dà kan, a fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn, a sì fi í ránṣẹ́ sí ogójì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí WhatsApp, wọ́n a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ṣe oore. Àwa pẹ̀lú ti gba irú oore bẹ́ẹ̀, a kò sì béèrè ẹni tí ó san án. Àti pé nínú gbogbo ọdún tí a ti fi ń kọ́ni, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni a rántí pé a kọ lẹ́tà sí òǹkọ̀wé Yorùbá kan láti sọ fún un ibi tí ìwé rẹ̀ gbé dára àti ibi tí ó ti kọsẹ̀. Èyí tí Weir gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ àwọn àjèjì, tí Thomas sì gbà lọ́wọ́ àwọn ará Èkó, àwa kò fi í fún àwọn tiwa.

Nítorí náà nígbà tí olùkọ́ náà padà wá, a kò lè fi ẹnu mìmọ́ gaara bá a sọ̀rọ̀ nípa ọjà kankan. Ìwé rẹ̀ ni a bá a sọ. Èyí tí ó ti New York wá ń ṣàn dáadáa, àṣìṣe gírámà inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n òjò dídì ń rọ̀ nínú rẹ̀ láti orí kìíní títí dé ìparí, kò sì sí ẹnì kan tí ọwọ́ rẹ̀ tutù. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń jẹ oúnjẹ tí kò ní òórùn. Bí a bá ju ìwé náà sí àárín àwọn ìtàn ìfẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà lórí àtẹ náà, ìyá tí ó bí i pàápàá kò ní lè ṣà á jáde, ẹ̀rọ tí ń kọ mẹ́ta lójúmọ́ sì lè kọ irú rẹ̀.

Nínú ojú ewé 10 ti Yorùbá, ìyá àgbà náà lọ gba Oúnjẹ Olúwa ní ọjọ́ Àjíǹde. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, aró sì ti mu wọ́n títí dé ọrùn ọwọ́. Àlùfáà tuntun tí kò mọ̀ ọ́n fà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí ó rò pé ọwọ́ náà dọ̀tí. Kò ju gbólóhùn mẹ́rin lọ, kò sì sọ ohun tí ìyá náà rò. Àwa tí a ti ń rí àwọn aláró níbi àga Ìdàpọ̀ láti ìgbà èwe wa kò rí i kí ẹnikẹ́ni kọ èyí sílẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì lè gbàgbé rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti kà á. Àṣìṣe pọ̀ nínú rẹ̀ o. Àmì ohùn kò bára mu. Ojú ewé kẹfà jẹ́ ìwàásù, a sì wí fún un pé ìwàásù ni iṣẹ́ tiwa, kí ó fi í sílẹ̀ fún wa.

A gbà á nímọ̀ràn pé kí ó má ṣe ná owó oṣù 8 náà sórí ìpolówó. Bí ó bá fẹ́ gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà sórí àtẹ, gbígbé e kò gba owó, kí ó gbé e. Kí ó máa bá ti aláró náà lọ, kí ó máa fi orí kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí wa bí ó bá ti ń parí rẹ̀, àwa yóò sì wá ẹni 12 nínú àwọn olùkọ́ agbègbè yìí tí yóò máa kà á, tí yóò máa fún un lésì, tí yóò sì san owó ẹ̀dà tirẹ̀ nígbà tí ó bá di ìwé. Ó bi wá bóyá ẹni 12 ni a pè ní ọjà. A ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò dùn mọ́ ọn. A rí i lójú rẹ̀, a kò sì bínú sí i, nítorí Hocking ni ó ti ń lá lálàá rẹ̀ láti oṣù 8.

Ó gbé ìdì tí ó nípọn náà lọ. Ó fi ojú ewé 10 sílẹ̀ lórí tábìlì wa, bóyá ó gbàgbé rẹ̀ ni, bóyá kò gbàgbé. A ti fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí àmì ohùn ti ṣì, a sì ti rí ẹni 7 nínú 12.